Dùùrù Tí Màmá Mi Rà ní Gbàǹjo

Nígbà tí màmá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, gbogbo wa rò pé yóò kàn sinmi ni. Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Surulere, ohùn rẹ̀ sì ti há nítorí ẹfun ojú pátákó àti ariwo ọmọdé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sinmi lóòótọ́. Ó ń sùn títí oòrùn fi ń wọlé bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà, ó tú gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ilé, ó tún wọn tò. Nígbà tí kò rí nǹkan tò mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹrù tèmi tò, títí dórí báàgì tí mo ń gbé lọ sí ọ́fíìsì. Mo ti ń rò ó pé kí n bá a wá nǹkan kan ṣe nígbà tó pè mí jókòó ní pálọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan.

Ó ní, "Mo fẹ́ ra dùùrù."

Mo ní, "Fún ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ó ní, "Fún ara mi. Ibẹ̀ yẹn ni màá gbé e sí." Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí a gbé tẹlifíṣọ̀n sí.

Mo bi í pé níbo la ó wá gbé tẹlifíṣọ̀n sí. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìṣòro òun.

Mi ò lè sọ pé ó yà mí lẹ́nu púpọ̀. Màmá mi kọ́ dùùrù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà tó wà lọ́mọge, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ́hùn-ún. Òun ló máa ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn láràárọ̀ kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Lẹ́yìn tó wá sí Èkó, tó lọ́kọ, tó bímọ, kò rí èyí tí yóò máa tẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá ń kọrin, mo máa ń rí àwọn ìka rẹ̀ tí wọ́n ń rìn lórí ẹ̀yìn ìwé orin. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé eruku ló ń gbọ̀n kúrò lára ìwé náà.

A kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta tuntun. Dùùrù oníná ló ń wá, èyí tí àwọn kíì funfun àti dúdú rẹ̀ pé pérépéré bíi ti dùùrù ńlá, tí kíì rẹ̀ sì wúwo lábẹ́ ìka, kì í ṣe àwọn pẹ́pẹ́pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà sọ iye rẹ̀. Màmá mi rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì jáde. Nígbà tí a dé ìta, ó ní, "Mo rò pé dùùrù ni mo ní kó tà fún mi. Mi ò mọ̀ pé ilé ló ń tà."

Ní ọ́fíìsì wa ní Yaba, níbi tí mo ti ń ya àwòrán fún àwọn ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan tí a jọ ń jókòó pọ̀ ló sọ fún mi nípa gbàǹjo orí fóònù. Ó ní ibẹ̀ lòun ti ra tábìlì àti àga ilé òun. Ẹni tó ní ọjà yóò gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, yóò sì sọ ọjọ́ àti aago tí gbàǹjo rẹ̀ yóò parí. Ẹni tó bá wù yóò dá iye lé e, ẹlòmíràn yóò fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè títí aago yóò fi lù. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù nígbà náà ló ni ọjà. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó lọ sí òkè òkun ló ń ta ẹrù ilé wọn níbẹ̀, pé ojúlówó ọjà pọ̀ níbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kí n la ojú mi sílẹ̀, torí pé àwọn gbájúẹ̀ náà ń jẹ̀ níbẹ̀.

Mo fi han màmá mi, mi ò mọ ohun tí mo ń dá sílẹ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi mọ gbàǹjo náà jù mí lọ. Tó bá ti jẹun tán, yóò wọ gíláàsì ojú rẹ̀, yóò fi fóònù sẹ́nu iná, yóò sì jókòó bí ẹni tó ń máàkì ìdánwò. Kì í ṣe dùùrù nìkan ló ń wò. Ó máa ń ké sí mi látinú pálọ̀ pé aago ògiri kan ní Ikeja ti wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, pé ẹnì kan ń ta kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà ẹ̀yìn, tí àwọn èèyàn sì ń dá iye lé e. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?" ni yóò máa bi mí, bíi pé èmi ni mo fẹ́ ra kẹ̀kẹ́.

Dùùrù àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ lójú dúdú, ó ń dán. Ó béèrè ìbéèrè kan lábẹ́ àwòrán rẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n lè pè é. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Àkúrẹ́ ti sọ ohun tí a máa fi kún owó ọwọ́ rẹ̀, a sì ti jọ fẹnu kò lórí ibi tí a ó dúró sí. Mo sọ fún un pé, "Tó bá ti kọjá ibẹ̀, a ó fi sílẹ̀." Ó gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí gbàǹjo náà máa parí, gbogbo àwọn tó ń dá iye lé e ti fi sílẹ̀, ó ku àwa àti ẹnì kan ṣoṣo. Tí màmá mi bá fi díẹ̀ kún un, onítọ̀hún náà á fi díẹ̀ kún un. Nígbà tí a dé ibi tí a ti fẹnu kò sí, ẹni náà tún gorí wa. Màmá mi wo ojú mi. Mo mirí. Ó dojú fóònù dé orí tábìlì, ó ní, "Kó máa gbádùn ẹ̀," ó sì lọ gbé ẹ̀wà kaná. Kò tún sọ̀rọ̀ dùùrù títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá bá mi ní ilé ìdáná, ó gbé fóònù sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

"O rí i? Mo mọ̀ pé ẹni yẹn ò lówó."

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ló wọlé. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun lòun ni dùùrù tí màmá dá iye lé lánàá, pé ẹni tó borí kò rí owó san, àti pé bó ṣe jẹ́ pé màmá ló tẹ̀ lé e, òun lè fún un ní iye tó dá. Ṣùgbọ́n kó má ṣe bá òun ṣe é nínú gbàǹjo mọ́, torí wọ́n máa ń yọ owó lórí ẹ̀ níbẹ̀. Kó san án sí àkáǹtì kan tó kọ sísàlẹ̀, kó sì san án lónìí, torí ẹlòmíràn ti wà lójú ọ̀nà tó ń bọ̀ wá gbé e.

Mo kà á, mo tún un kà. Mo ní, "Màmá, obìnrin ló ń ta dùùrù yẹn nínú gbàǹjo. Orúkọ ọkùnrin ló wà lórí àkáǹtì yìí, orúkọ bàbá wọn ò sì jọ."

"Ó lè jẹ́ ọkọ ẹ̀."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ ká wá wò ó."

Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Èsì dé kíá pé dùùrù wà nínú sítọ́ọ̀ kan tí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì sanwó wọ̀. Mo ní kó sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan tí òun bá yàn sórí bébà, kí wọ́n gbé bébà náà lé dùùrù, kí wọ́n ya á ní fọ́tò wá. Ọ̀rọ̀ tí màmá yàn ni "ẹ̀wà", torí ẹ̀wà àná ló wà níwájú wa. Èsì tún dé pé kámẹ́rà fóònù òun ti bàjẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo rí i tí ojú màmá mi yí padà. Ó fa àga, ó jókòó, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí àwa méjèèjì lè gbọ́, ó sì pe ọkùnrin náà.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ọ̀gá. Ṣé ẹ wà lọ́dọ̀ dùùrù náà báyìí?"

"Iwájú ẹ̀ gan-an ni mo dúró sí, Mà."

"Ó dáa. Ẹ bá mi tẹ dò, ti dò-re-mí."

"Èwo ni dò, Mà?"

"Dò àárín."

A gbọ́ tí nǹkan ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́: "Dòòò."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Màmá mi ò rẹ́rìn-ín rárá. Ojú tó ń fi wo fóònù yẹn ni ojú tó máa ń fi wo ọmọ tó bá sọ pé òjò ló gbé iṣẹ́ àṣetiléwá òun lọ.

"Ohùn yín dára," ó ní. "Dùùrù náà ńkọ́?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ ni, Mà."

"Kò burú, èyí tí mo fẹ́ bi yín yìí ò gba iná. Àwọn kíì dúdú tó wà lórí ẹ̀, mélòómélòó ni wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn?"

"Mẹ́rin mẹ́rin, Mà. Gbogbo ẹ̀ ló pé. Kò sí èyí tó yọ."

Méjì méjì àti mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn kíì dúdú máa ń tò sórí dùùrù. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ lóòótọ́ kò lè sọ pé mẹ́rin. Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Ọmọ mi, dùùrù kankan ò sí lọ́dọ̀ rẹ. Lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe," ó sì pa fóònù.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni gbàǹjo náà, nínú gbàǹjo gan-an, kì í ṣe sí nọ́ńbà kankan tí ọkùnrin yẹn fi ránṣẹ́. Wọ́n dáhùn pé obìnrin tó ni dùùrù ti tà á fún ẹni tó borí wa, pé ẹni náà tilẹ̀ ti gbé e lọ. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé abẹ́ àwòrán ni gbájúẹ̀ náà ti rí nọ́ńbà wa, pé kí a pa á rẹ́ níbẹ̀. Mo pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ yẹn, màmá mi kàn ń dá rẹ́rìn-ín ni. Yóò máa gbá ilẹ̀, yóò dúró, yóò ní "Mẹ́rin mẹ́rin," yóò sì tún máa gbálẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ fún mi pé bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ bébà yẹn, òun ì bá ti sanwó. Ó ní, "Mo ti ń rí i níbẹ̀ yẹn lójú mi ni," ó sì tún nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo sọ fún un pé a máa rí òmíràn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí òmíràn tó jáde. Aláwọ̀ igi ni, ọmọbìnrin kan ní Yaba ló ń tà á, ó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Kánádà. Fọ́tò tó yà pọ̀: ó ya iwájú, ó ya ẹ̀yìn, ó ya wáyà, ó tilẹ̀ dùbúlẹ̀ ya nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kíì tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì kì í dún dáadáa, àti pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti họ níbi tí àga máa ń kọlù ú.

Màmá mi ní kí n tún ibẹ̀ kà sókè. Ó ní, "Ẹni yìí sọ àléébù ọjà ẹ̀ kí n tó béèrè."

A tún wo àwọn ohun tó ti tà ṣáájú àti ohun tí àwọn tó rà á sọ. Ó ti ta fáànù, ó ti ta bẹ́ẹ̀dì, ó ti ta ibi ìkówèésí. Gbogbo wọn yìn ín, àfi ẹnì kan tó ní fáànù òun dé láìsí ìdè kan tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì fi ìdè náà ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀sùn yẹn gan-an ló wu màmá mi jù. Ó ní tó bá jẹ́ pé ìyìn ni gbogbo ẹ̀, òun ì bá sá.

Lọ́jọ́ tí gbàǹjo náà parí, àwa la borí. Màmá mi ò pariwo. Ó dìde, ó sì yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lẹ́nu iná.

Ọ̀rọ̀ wá kan bí a ó ṣe pàdé. Òfin gbàǹjo náà ni pé tí ọjà bá tóbi, kí ẹni tó ń rà á àti ẹni tó ń tà á pàdé, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó yọ. Ọmọbìnrin náà pè wá. Ó bẹ̀ wá kí á má bínú, ó ní òun ò lè ní kí ẹni tí òun ò mọ̀ rí wá sílé, torí òun àti màmá òun nìkan ló wà níbẹ̀. Màmá mi ní òun fara mọ́ ọn, àti pé àwa náà ò ní sanwó ohun tí a ò tíì fojú rí. Ọmọbìnrin náà tún ní òun ò ní lè jẹ́ kí dùùrù náà lọ àfi tí owó bá ti wọ àkáǹtì òun, torí pé ẹnì kan ti fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú gbé fìríìjì òun lọ. Màmá mi káàánú rẹ̀ nítorí fìríìjì náà. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí á pàdé níwájú báńkì tí ọmọbìnrin náà ń lò ní Yaba, lọ́sàn-án gangan, lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì dá wá.

Mo gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, a háyà mọ́tò akẹ́rù kan, a sì lọ. Màmá mi mú wáyà gígùn dání, ó mú ìnuwọ́, ó mú ìwé orin. Mo ní ìwé orin kọ́ ni wọ́n fi ń yẹ ọjà wò. Ó ki í sínú báàgì rẹ̀.

Wọ́n ti ṣáájú wa débẹ̀. Abẹ́ òrùlé tó wà níwájú báńkì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn èèyàn ti ń tò láti fi káàdì gba owó, ni wọ́n gbé dùùrù náà dúró sí, wọ́n fi aṣọ àdìrẹ kan bò ó. Ọmọbìnrin náà wọ ṣòkòtò jíǹsì, ó kúnlẹ̀ kí màmá mi, "Ẹ káàsán, Mà." Màmá rẹ̀ dúró tì í, obìnrin tó sanra tó sì wọ gíláàsì ńlá, tó ń ta léèsì ní Tejuosho. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí dùùrù náà, kò sì gbé e kúrò. Ó wò wá láti òkè délẹ̀. Màmá mi náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ rà á?"

"Àwa ni, Mà."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ ni."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n tẹ̀?"

Màmá mi ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá iná."

Inú àgọ́ sìkíọ́rítì báńkì ni ojú iná tó sún mọ́ wa jù wà, fóònù sìkíọ́rítì náà ló sì wà lẹ́nu iná ọ̀hún. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa tán, ó ní, "Mà, báńkì lèyí o, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì." Màmá mi ní òun mọ̀, pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ó wo àwa obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a dúró tì í, ó sì yọ fóònù rẹ̀.

Màmá mi nu àwọn kíì náà, ó wá ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, kò kánjú. Àwọn tó tò síbi owó bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú wò wá. Kíì àkọ́kọ́ yẹn ṣe "kùhú" bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun.

"Ó ń húkọ́ lóòótọ́," màmá mi ní.

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀, Mà," ọmọbìnrin náà dáhùn.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi wé ti inú fọ́tò. Ọ̀kan náà ni. Màmá mi wá ní kí n sanwó. Mo tẹ fóònù mi, mo fi owó ránṣẹ́, fóònù sì sọ fún mi pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi. A dúró. Fóònù ọmọbìnrin náà ò dún. A tún dúró, ó ṣì dákẹ́. Mo fi fóònù tèmi hàn án.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo gbà yín gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e."

Màmá rẹ̀ ní, "Bí wọ́n ṣe fi fóònù hàn án nìyẹn, tí fìríìjì lọ."

Ọmọbìnrin náà wọ inú báńkì lọ béèrè. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, pé owó náà wà lójú ọ̀nà láàárín báńkì tèmi àti tiwọn, kí a ní sùúrù. Ìṣòro wá dé. Owó ti kúrò lọ́wọ́ wa, a ò sì lè fi dùùrù sílẹ̀. Owó ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn ò sì lè jẹ́ ká gbé e.

Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níbẹ̀. Màmá mi jókòó sí ìpẹ̀kun rẹ̀ kan, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ọmọ òṣómàáló ni mí," ó ní. "Àwọn bàbá wa a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bá jẹ wọ́n lówó títí wọn á fi gbà á. Ibí ni mo wà."

Màmá ọmọbìnrin náà jókòó sí ìpẹ̀kun kejì. "Ìjẹ̀bú lèmi," ó ní. "Èmi náà ò ń lọ síbì kan."

Èmi àti ọmọbìnrin náà wo ara wa, a sì yára wo ibòmíràn kí ẹ̀rín má baà pa wá níṣojú wọn.

Oòrùn ń yí, òjìji òrùlé ń kúrò lórí wa díẹ̀díẹ̀. Mo lọ ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ní òdìkejì títì. Màmá olọ́jà ní òun ò jẹ, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó ní kí n bu ẹ̀pà díẹ̀ fún òun. Màmá mi nu ọwọ́ rẹ̀ tán, ó wo dùùrù, ó ní, "Ṣé iná ṣì wà lára ẹ̀?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ ọn, pẹ̀lú màmá olọ́jà lórí rẹ̀, ó ṣí ìwé orin, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Kò dára lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn ìka rẹ̀ le, ó ń ṣì í tẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn. Mo ti ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹsẹ kejì orin náà, ó dà bíi pé àwọn ìka náà rántí ọ̀nà, ọwọ́ òsì ń lọ, ọwọ́ ọ̀tún ń lọ, màmá mi sì gbé orí rẹ̀ sókè, kò wo ìwé mọ́. Ọkùnrin kan tó tò síbi owó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn bẹ́ẹ̀sì gbè é. Sìkíọ́rítì wá dúró sẹ́nu iná bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́. Mi ò gbọ́ irú orin yẹn lọ́wọ́ màmá mi rí, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo rí i pé ojú mi ti kún fún omi, níbi tí ẹ̀pà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Màmá olọ́jà ti gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù. Ó ń fi ohùn áltò gbè é.

Nígbà tí orin parí, ó ní, "Èmi ni mo rà á fún un, nígbà tó fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì. Ojoojúmọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ sí mi létí. Mi ò fẹ́ kó tà á, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ wá béèrè ẹ̀, ohun tí wọ́n ń bi wá ni bóyá àwọ̀ ẹ̀ á bá kọ́tìnnì àwọn mu."

Màmá mi ní, "Èmi ò tilẹ̀ ní kọ́tìnnì gidi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò tán mọ́: ọ̀rọ̀ orúnkún, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó lọ sí òkè òkun, ọ̀rọ̀ léèsì tó ń ṣá. Wọ́n tún kọ orin mìíràn. Wọ́n ń jiyàn lórí bó ṣe yẹ kó yára tó nígbà tí fóònù ọmọbìnrin náà dún.

Ó wò ó, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò ní ká máa gbé dùùrù lọ. Ó wọ inú báńkì padà, ó ní kí wọ́n bá òun wo inú àkáǹtì bóyá owó náà jókòó síbẹ̀ lóòótọ́. Inú màmá mi dùn sí ìyẹn. Ó sọ fún màmá rẹ̀ pé, "Ọmọ yín gbọ́n." Nígbà tó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sórí bébà méjì pé òun ti ta dùùrù náà, òun gba owó rẹ̀ pé, a fọwọ́ sí i, olúkúlùkù mú ọ̀kan. Sìkíọ́rítì bá wa gbé e sínú mọ́tò. Màmá olọ́jà kò gba aṣọ àdìrẹ yẹn padà. Ó ní kí á máa fi bò ó, kí eruku má wọ inú ẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ti wà ní Kánádà báyìí. Lẹ́yìn tó lọ, màmá rẹ̀ pè wá ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan, ó béèrè bí dùùrù ṣe ń ṣe, bí ẹni tó ń béèrè ara aláìsàn. Màmá mi ní kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Ó wá, ó sì ti ń wá láti ìgbà náà. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń dé, yóò bọ́ gèlè, yóò jẹ ìrẹsì, wọn yóò sì jọ kọrin títí aládùúgbò ìsàlẹ̀ yóò fi gòkè wá, kì í ṣe láti bá wa jà, láti sọ orin tó fẹ́ ni.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, ọmọbìnrin náà pè wọ́n lórí fóònù amóhùnmáwòrán. Wọ́n gbé fóònù ti ìwé orin, màmá mi sì tẹ orin kan fún un. Nígbà tí orin parí, ó ní dùùrù ń wu òun gan-an, pé òun ti rí ọ̀kan níbẹ̀ tí ẹnì kan ń tà ní ìlú mìíràn, ó rẹwà, owó rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n onítọ̀hún ní kí òun fi díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú kó lè bá òun fi pamọ́.

"Má san kọ́bọ̀," àwọn màmá méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò tíì san nǹkan kan.

Màmá mi tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó sún mọ́ fóònù. "Ó dáa," ó ní. "Fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀, kí n pè é."